Tí Mi Ò Bá Wá Síṣẹ́, Ta Lẹ Máa Pè?

Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún yìí ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀ lé mi kiri. Mo gbé e dé ọjà, mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sùn. Kì í ṣe ìbéèrè tó le. Ọmọ ọdún méje lè dáhùn rẹ̀. Èmi náà dáhùn rẹ̀ wéré lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí, mo tún fi ẹ̀rín lé e. Ìdáhùn yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n rójú.

Iṣẹ́ mi ni pé mò ń bá iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ná owó ìrànwọ́ ará ìlú. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan, èmi ni. Wọ́n fẹ́ pín ìwé fún ọmọ iléèwé, èmi ni. Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí tó jẹ́ pé bó bá ti di ọjọ́ 25 oṣù Bélú, èmi náà ni mo máa ń ṣètò ìwọ́de tí àwọn òṣìṣẹ́ wa fi ń ta ko lílù tí ọkọ ń lu ìyàwó. Ọjọ́ yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1999, ní ìrántí àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta, ìdílé Mirabal, tí àwọn ẹmẹ̀wà Trujillo, apàṣẹwàá tó ń ṣèjọba nígbà náà, pa ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic lọ́dún 1960, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ kí ọkọ wọn lẹ́wọ̀n. Ọdọọdún ni mo máa ń kọ ìtàn yẹn sínú ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá àgbà máa kà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tẹ́tí sí i rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀ mọ bó ṣe ń lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, fìlà aláwọ̀ ọsàn, onílù méjì, bánà tó gùn ju dánfó lọ. Ọ̀gá àgbà á sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á gbé sọ̀wédowó tó tóbi bí ilẹ̀kùn fún àjọ tó ń ran obìnrin lọ́wọ́, oníyàwòrán á ní ká kọjú sọ́dọ̀ òun. Tó bá fi máa di aago méjìlá ọ̀sán, ó ti parí. Mo mọ iṣẹ́ náà ṣe. Bí wọ́n bá dì mí lójú, màá ṣe é.

## Lẹ́yìn ọkọ̀ tó kó omi

Ní oṣù Bélú tó kọjá, a ti rìn dé itòsí Aláùsá, mo dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tó kó omi wá, mò ń pín omi inú ìgò. Obìnrin kan láti ẹ̀ka ìṣirò owó wá gba tirẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí ó máa ń tètè dé, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Kò sí àpá lójú rẹ̀. Kò wọ awò dúdú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú fíìmù.

Ó gba omi, kò lọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Tí èèyàn ò bá wá síṣẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ta lẹ máa ń pè?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹni tó o kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ni. Àbí o fẹ́ sá ni?"

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé èèyàn lè pààrọ̀ rẹ̀?"

"Jánúárì la máa ń tún fọ́ọ̀mù ṣe. Rán mi létí nígbà yẹn."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó padà sórí ìlà, ó gbá bánà mú ní igun kan.

Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Fóònù mi ń dún lọ́wọ́, awakọ̀ tó kó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní òun ò rí ibi tí òun máa páàkì sí. Láyà ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé MÁ DÁKẸ́ MỌ́. Kò kúkú dákẹ́. Èmi ni mi ò gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀pẹ, kò wá síṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Kò wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá ní Ọjọ́rú. Òfin iléeṣẹ́ wa ni pé bó bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n pe nọ́ńbà tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Kọ́pà kan tó ń sin ìjọba lọ́dọ̀ wa ló pè. Ọmọlúàbí ọmọ ni, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Láti ọjọ́ Ajé la ò ti rí màdáámú níbi iṣẹ́, a ní ká béèrè bóyá ara wọn ò yá ni."

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé obìnrin yìí ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé iléeṣẹ́ rán àwọn lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ní Ìbàdàn. Irọ́ ni. Ṣàgámù ló wà, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, ó ń wá yàrá tó máa gbà. Ó ti fọgbọ́n kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ bá màmá ṣe Kérésì. Oṣù méje ló fi ń tò ó. Ọjọ́ márùn-ún ló fi irọ́ yẹn rà, àwa gba méjì padà nínú rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ rẹ̀ dé ẹnu géètì wa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fún un ní àga. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Ẹnìkan tí àánú rẹ̀ ṣe sọ fún un pé òun gbọ́ nígbà kan tí ìyàwó rẹ̀ ń dárúkọ Ṣàgámù lórí fóònù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló dé ibẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu mi kọ́ lẹ máa ti gbọ́ ọ. Ó wà láàyè. Ọwọ́ rẹ̀ òsì ti ń ká díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo pè é, mo ń bẹ̀ ẹ́, ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Kò bínú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Mo kàn rò pé ó yé yín lọ́jọ́ tí mo bi yín ni."

## Tọrùn ẹ̀ là ń wò

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn ẹ̀ là ń wò. Èmi ni mo dá ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn fún irínwó èèyàn. Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó, mo yí bébà kan padà, mo ṣe ìṣirò. Owó ṣẹ́ẹ̀tì nìkan tó owó oṣù obìnrin yẹn fún ọdún kan.

Mi ò sọ pé kí iléeṣẹ́ má fi owó tọrẹ. Mo ti wọ ilé ààbò tí wọ́n ń gbé àwọn obìnrin tó sá sí, mo sì mọ̀ pé owó ilé ni ibẹ̀ máa ń fẹ́, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó oṣù àwọn tó ń tọ́jú wọn, wàrà ọmọ. Mirabel Centre tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà níbí, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò láti ọdún 2013 láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, owó ìrànwọ́ ilẹ̀ Bìrìtìkó ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣètọrẹ bá dẹ́kun, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á dẹnu kọlẹ̀. Nítorí náà kí sọ̀wédowó máa lọ o. Kò tiẹ̀ dandan kó tóbi bí ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n owó, ìjọba ní in, ìjọ ní in, òyìnbó ní in. Kí ni iléeṣẹ́ ní tí ẹlòmíì ò ní? Òun ló ní aago mẹ́jọ àárọ̀ obìnrin yẹn. Òun ló ń san owó tó máa fi wọ ọkọ̀. Òun ló mọ ẹ̀ka tó lè gbé e lọ. Òun ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀ lè má mọ ilé ọ̀rẹ́ tó sá lọ, ó lè má mọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ aago tó máa ń jáde. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ á sì sọ fún yín pé ìgbà tí obìnrin bá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù.

Kì í ṣe èèyàn kan ṣoṣo la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ìwádìí ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ti wọlé ọkọ rí, 36 ló sọ pé ọkọ ti lu àwọn, tàbí fipá bá àwọn lò, tàbí fi ọ̀rọ̀ àti ìhàlẹ̀ pọ́n àwọn lójú rí. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti fipá bá lò rí, ó lé ní ìdajì tí kò wá ìrànlọ́wọ́ lọ sí ibì kankan. Gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n kà, kì í ṣe iléeṣẹ́ wa. Síbẹ̀ nígbà tí mo wo àwòrán ìwọ́de wa lẹ́yìn tí mo ka nǹkan yìí, ojú àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ fìlà ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí yàtọ̀ lójú mi. Ìrìn nítorí "àwọn obìnrin tí ìyà ń jẹ" la pè é. Àwọn wo ni "àwọn" yẹn?

Ọ̀gá kan tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ní kí n ṣọ́ra. Ó ní ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni, kò yẹ kí iléeṣẹ́ ti ẹnu bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu títí tí mo fi délé. Ìgbà tí mo ń ro ọbẹ̀ ló wá yé mi pé a ti ti ẹnu bọ̀ ọ́ ná. Ìgbà tí kọ́pà wa tẹ nọ́ńbà yẹn ni a ti dá sí i. Ọkọ la gbè lẹ́yìn. A kàn ṣe é láìmọ̀ ni, pẹ̀lú "ẹ káàsán, sà".

## Ẹni tó gbọ́ pizza

Mo ti ń ka ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ìlú míì ṣe. Ẹ má rò pé àwa nìkan la ní irú àléébù yìí.

Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014, Ray Rice, ìlúmọ̀ọ́ká nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn (èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ju ẹsẹ̀ lọ, tí mi ò lóye rẹ̀ títí dòní), lu obìnrin tó fẹ́ fẹ́ nínú lífìtì kan títí tó fi dákú. NFL tó ń darí bọ́ọ̀lù náà kọ́kọ́ ní kó má gbá ìdíje méjì péré. Ìgbà tí fídíò inú lífìtì bọ́ sí gbangba ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lé e, tí NFL sì ní kó lọ jókòó sílé. Ní oṣù Èrèlé 2015, nígbà àṣekágbá wọn tí wọ́n ń pè ní Super Bowl, NFL fi àyè ìpolówó tó gọbọi lórí tẹlifíṣọ̀n tọrẹ láti bá lílù obìnrin wí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn ti òde ni wọ́n kọ́kọ́ kó.

Ṣùgbọ́n ìpolówó náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dáa. Obìnrin kan pe nọ́ńbà ọlọ́pàá, ó ní òun fẹ́ ra pizza. Ẹni tó gbé e ní, ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà ọlọ́pàá lo pè? Obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ pizza lọ. Ó gba ẹni yẹn bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lẹ́yìn náà ló bi í pé ṣé ẹnìkan wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ. Ó ti yé e. Mo ti wò ó rí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń wá ohun tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ fún fídíò tiwa. Mo tún wò ó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ yìí, mo sì ní láti pa á.

Àwọn kan ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Liz Claiborne, iléeṣẹ́ aṣọ obìnrin, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991, nígbà tí iléeṣẹ́ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ orúkọ àwọn. Avon, tí àwọn obìnrin ń bá ta ìpara àti lọ́fínńdà láti ojúlé dé ojúlé, dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2004. Nígbà tó yá, wọ́n ní: ẹ ra ẹ̀gbà ọwọ́ kékeré, èrè rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ran obìnrin lọ́wọ́. Mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, ilé ààbò jẹun nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ tún un wò: obìnrin ló tà á, obìnrin ló rà á, owó obìnrin ni wọ́n fi ran obìnrin lọ́wọ́, iléeṣẹ́ ló gba oríyìn.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn ni ti Verizon tó ń ta fóònù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń gba fóònù àlòkù jọ lọ́wọ́ ará ìlú, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tà á láti fi rówó fún àwọn ilé ààbò, wọ́n sì ń fún àwọn obìnrin tó sá ní fóònù tí owó ìpè ti wà lórí rẹ̀. Ẹnìkan níbẹ̀ ti ronú débi pé ẹni tó bá sá kúrò lọ́wọ́ ọkọ tó ń lù ú, fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí ọkọ fi ń ṣọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ń tà ni wọ́n fi tọrẹ, ó sì bá ohun tí ẹni yẹn nílò mu.

Àwọn míì wá yíjú sí ilé ara wọn. Lọ́dún 2019, Vodafone ní òṣìṣẹ́ òun tí wọ́n bá ń lù nílé, níbikíbi lágbàáyé tí òun ti ń ṣòwò, lè gba ìsinmi tó tó ọjọ́ mẹ́wàá, òun á sì san owó rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọjọ́ mẹ́wàá kò le: ilé ẹjọ́ gba ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn gba ọjọ́ kan, ọlọ́pàá á ní ẹ máa lọ ẹ máa bọ̀, yàrá ò ṣe é rí lọ́jọ́ kan, iléèwé ọmọ náà ń bẹ níbẹ̀. Ní Fílípìnì, òfin ìjọba ti fún obìnrin ní ọjọ́ mẹ́wàá yẹn láti ọdún 2004. Niu Sílándì ṣe é ní 2019, Ọsirélíà ní 2023.

Nàìjíríà náà ò jókòó lásán lórí bébà. Lọ́dún 2022 ìjọba wa fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Àdéhùn náà sọ ọ́ kedere pé ìyà tí wọ́n fi ń jẹ òṣìṣẹ́ nílé lè tẹ̀ lé e dé ẹnu iṣẹ́, kí ìjọba àti agbanisíṣẹ́ sì wá nǹkan ṣe sí i. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì rí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú ìpàdé kankan níbi iṣẹ́ wa. Èyí tó wà nínú òfin iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ ni pé, lẹ́yìn ọdún kan, ó kéré tán kí wọ́n fún ọ ní ọjọ́ mẹ́fà láti sinmi, bí àìsàn bá sì ṣe ọ́, ó lè tó ọjọ́ méjìlá lọ́dún. Ìyẹn ni àwọn obìnrin fi ń sọ pé ibà ló ń ṣe àwọn. Ọ̀pọ̀ ibà tí wọ́n ń kọ sínú ìwé níbi iṣẹ́ kì í ṣe ibà.

## Àlááàtì

Nígbà tí mo tún bá a sọ̀rọ̀, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bi í pé ká ní a lè ṣe nǹkan kan fún un, kí ni ì bá jẹ́. Mo ti ń retí kó sọ pé agbẹjọ́rò. Tàbí owó.

Ó ní, "Àlááàtì."

Nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ ló wà lórí àkáǹtì tí owó oṣù rẹ̀ ń wọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ọkọ ló bá a ṣí àkáǹtì náà, ìfẹ́ ni wọ́n pè é. Tí owó bá wọlé, fóònù ọkọ ló máa kọ́kọ́ dún. Tó bá fa ẹgbẹ̀rún márùn-ún yọ, fóònù ọkọ dún. Káàdì ATM wà nínú àpò ọkọ. Ó wá ṣe é báyìí: ó ń gba owó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti bọ́sítọ́ọ̀pù kejì, ó ń tọ́jú ìyàtọ̀ rẹ̀ sínú agolo Mílò nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Oṣù méje. Nígbà tó bá mi lẹ́yìn ọkọ̀ omi lọ́jọ́ yẹn, owó yàrá Ṣàgámù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nínú agolo yẹn.

Ó ní òun ti lọ béèrè bóyá iléeṣẹ́ lè pín owó oṣù òun sí àkáǹtì méjì, kí díẹ̀ wọ ti tẹ́lẹ̀ kí ọkọ má fura, kí ìyókù wọ tuntun. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀, kó kọ lẹ́tà, kí ó sọ ìdí. Ìdí wo ló máa kọ?

Òfin VAPP, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 láti ta ko ìwà ipá sí èèyàn, ka kí wọ́n fi owó de èèyàn mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, bó ṣe ka lílù sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyẹn wà nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìtọrẹ ti iléeṣẹ́ abánigbófò Allstate gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ owó yìí gan-an láti ọdún 2005, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe máa tún dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Ó yé wọn pé ẹni tí kò lówó ọkọ̀ lọ́wọ́ kò lè sá, bó ti wù kí wọ́n kọ́ ọ tó pé kó má dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń wo ẹ̀ka tó ń san owó oṣù níbi iṣẹ́ wa. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń san án. Láti pín owó sí ọ̀nà méjì, ìlà kan ni wọ́n máa fi kún un.

## Ìlà tuntun nínú fọ́ọ̀mù

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n mú ètò ìnáwó ìwọ́de ọdún yìí wá. Mo mú un lọ. Mo fi ojú ìwé kan lé e lẹ́yìn. Àwọn mẹ́fà ló jókòó, èmi ṣìkeje.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ sọ. Ọ̀gá tó ń mójú tó owó, ẹni tí mo fẹ́ràn gan-an, ní ṣé kò ní di pé àwọn èèyàn á máa purọ́. Mo ní, "Sà, ta ló máa wá síwájú yín wá purọ́ pé ọkọ ń lu òun, torí ọjọ́ mẹ́wàá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Síbẹ̀ wọ́n ní ká máa wò ó ná, ká gbọ́ tẹnu àwọn agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ọ̀nà méjì, wọ́n ní kí n lọ bá ẹ̀ka ìṣirò owó sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Lórí ìwọ́de, wọ́n ní ṣé a ò lè fi ọgọ́rùn-ún ṣẹ́ẹ̀tì kún un.

Èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn ò ju ẹyọ kan lọ, nítorí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Fọ́ọ̀mù náà ṣe é pààrọ̀ báyìí lọ́jọ́ tó bá wu òṣìṣẹ́, láìsọ ìdí. Lábẹ́ ìlà tí wọ́n ń kọ ẹni tí ká pè sí, a fi ìlà tuntun kan sí i: *Ta ni kí a má ṣe pè?* Kọ́pà wa ló tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe, mo sì sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Àǹtí, èmi ni mo pè é lọ́jọ́ yẹn, àbí?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Mo ní iléeṣẹ́ ló pè é.

Mo kó fọ́ọ̀mù tuntun sínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ti ń ro ẹni tó máa kọ́kọ́ wá. Mo ro àwọn ọmọbìnrin tó wà níbi ìgbàlejò, mo ro obìnrin kan ní ẹ̀ka ọjà tí mo máa ń fura sí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sẹ́ni tó wá.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bí aago márùn-ún ti ń lọ lù, màdáámú kan wọlé. Ó wà lára àwọn mẹ́fà tó jókòó nínú ìpàdé yẹn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, fóònù rẹ̀ ló ń wò títí a fi túká. Ogún ọdún ló ti ń bá iléeṣẹ́ yìí bọ̀. Òun ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá àgbà nínú gbogbo àwòrán ìwọ́de wa.

Ó bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ni fọ́ọ̀mù náà máa wà tàbí nínú fáìlì. Mo ní inú fáìlì ni, mà, èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní kí n bá òun ti ilẹ̀kùn.